Ìtàn Bí A Ti Ń Kọ́ni Nípa Ẹ̀sìn ní Gbangba, Pẹ̀lú Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ fún Àwa Ará Ìlá àti Ìgbómìnà Ọ̀ṣun

Ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ìwé ìrántí yìí ti fi iṣẹ́ kan lé wa lọ́wọ́, èyíinì ni pé kí a kọ díẹ̀ nínú ìtàn bí a ti ń dá àwọn ènìyàn lẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹ̀sìn ní gbangba, níbi tí Kristẹni, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti lè jókòó pọ̀ kí wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé. Àwọn ẹlòmíràn yóò sọ nínú ìwé yìí bí a ti kọ́ ilé ìsìn wa, wọn yóò sọ ti àwọn àlùfáà tí ó ti sìn níhìn-ín, àti ti àwọn akọrin. A kò ní í wọ inú oko wọn. Ti àwa ni láti sọ nípa àwọn aládùúgbò wa, àti bí àwọn baba wa nínú ìgbàgbọ́ ti bá wọn sọ̀rọ̀. A bẹ ẹ̀yin àlejò wa ọ̀wọ́n, àti ẹ̀yin ará ilé, pé kí ẹ fi sùúrù kà á dé òpin.

Ìdí Tí Ọ̀rọ̀ Yìí Fi Kàn Wá

Kò sí ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ṣe àjèjì sí. Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, a lè bá ẹ̀gbọ́n tí ó ti lọ sí Mẹ́kà, a lè bá àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, a sì lè bá baba àgbà tí kì í jẹ́ kí ọdún Egúngún kọjá láìfi ojú sí i. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń dáwó. Bí ènìyàn bá sì kú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń sunkún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀tan Ayégbajú, àti káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, Ifẹ́dayọ̀ àti Bólúwadúró. Ọba kì í sì í ṣe ti ẹ̀sìn kan. Baba gbogbo ọmọ ìlú ni, àfin rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ gbogbo wọn ti ń pàdé.

Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, nígbà tí Ọba William Adétọ̀nà Ayẹni, Arìwájoyè Kìíní, wà lórí ìtẹ́ Ọ̀ràngún, ará Amẹ́ríkà kan, Ọ̀jọ̀gbọ́n John Pemberton, tí ó jẹ́ olùkọ́ nípa ẹ̀sìn ní Amherst College, wá sí Ìlá léraléra. Ó ń wo ọdún, ó ń wo ètùtù, ó sì ń bi àwọn àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Òun àti onímọ̀ ìtàn, Fúnṣọ́ Afọláyan, ni wọ́n jọ kọ ìwé kan lórí oyè Ọ̀ràngún àti àwọn ọdún ìlú, tí a tẹ̀ jáde ní 1996. A kò lè ṣàì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rò ó dáradára, ojú a máa tì wá díẹ̀. Ẹni tí a kò bí síhìn-ín rin ọ̀nà jíjìn kí ó tó béèrè ohun tí àwọn ará Ìlá gbàgbọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa tí a jọ ń pín ọbẹ̀ jẹ nínú ilé kan kò tíì béèrè rí lọ́wọ́ ara wa.

Àwọn baba wa a máa sọ pé ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ́ùn. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó wà ní ìdí gbogbo ìtàn tí a fẹ́ sọ. Nígbàkígbà tí ẹni tí ń kọ́ni bá ti kọ́kọ́ lọ gbọ́ ohun tí aládùúgbò rẹ̀ gbàgbọ́ láti ẹnu aládùúgbò náà, ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti so èso. Nígbàkígbà tí ó bá sì ti fi àgbọ́sọ ṣe é, ìjà ni ó ti kẹ́yìn rẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù Crowther Níwájú Ẹ́míà Ìlọrin

Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí a dárúkọ ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Gbogbo wa ni a mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣiwájú nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ohun tí a kì í sábà rántí ni bí ó ti bá àwọn Mùsùlùmí lò. Ní ọdún 1821, nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, àwọn ọmọ ogun kan kó ìlú rẹ̀, Òṣoògùn, wọ́n sì mú un lẹ́rú. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ àti àwọn Fúlàní sì wà nínú ogun náà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di ìkórìíra sínú títí ó fi kú, ta ni yóò bi í léèrè? Ṣùgbọ́n ní 1872, lẹ́yìn ọdún 51, Crowther tí ó ti di bíṣọ́ọ̀bù jókòó ní Ìlọrin níwájú Ẹ́míà àti àwọn àfáà rẹ̀. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì dá wọn lóhùn. Kò bú ẹ̀sìn wọn, kò sì fi tirẹ̀ pamọ́. Ó ṣí Ìwé Mímọ́ ní èdè Yorùbá, ó sì kà á fún wọn. Ó kà nípa áńgẹ́lì Gébúrẹ́lì tí àwọn náà mọ̀ sí Jíbúrílù, tí wọ́n sì ń bọlá fún.

Ó kọ ìrírí rẹ̀ sílẹ̀ nípa irú ìjíròrò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kékeré kan tí ó jáde ní 1892, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí àwọn tí yóò tẹ̀lé e kò ṣòro: kí a wá ibi tí ẹsẹ̀ àwa àti wọn ti pàdé, kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, kí a sì jẹ́ kí Ìwé Mímọ́ gbèjà ara rẹ̀.

Ìlọrin yìí kò jìnnà sí wa. Ní ọ̀rúndún náà, apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà ni ó wà lábẹ́ agbára Ìlọrin. Nígbà tí ogun Kírìjí sì bẹ́ ní 1877, Ìlá wà nínú Ẹ̀kìtì Parapọ̀. Ní 1886, àwọn àlùfáà méjì nínú Ìjọ wa, Samuel Johnson àti Charles Phillips, ni Gómìnà Èkó rán láti máa lọ láti ibùdó kan sí èkejì títí àwọn ìjòyè fi fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. A mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé kò sí ẹ̀kọ́ tí ó lè wọ etí ẹni tí ń sá fún ogun.

Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Yá

Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé àwa kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ẹ̀sìn ẹlòmíràn, kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí ìsìn òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí ó dúró níwájú pẹpẹ ni a ń pè ní àlùfáà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí kí ọkọ̀ àwọn oníwàásù wa tó gúnlẹ̀. Wàásù tí ó ń ṣe, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti gba ọ̀nà Haúsá wá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àdúrà. Ẹ wo ìhà kejì pẹ̀lú: Ọlọ́run àti Olódùmarè, ẹbọ àti ìràpadà, ọ̀dọ̀ àwọn baba wa tí kò gbọ́ Ìhìnrere rí ni a ti bá àwọn orúkọ àti ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dá èdè tuntun sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, wọ́n sì fi í ṣe aṣọ fún ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ṣe bákan náà. Àlùfáà E. M. Lijadu, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Oǹdó, kó àwọn ẹsẹ Ifá jọ, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ tí a ń pè ní Ifá kí ọ̀rúndún kọkàndínlógún tó parí. Òmíràn, Ọ̀rúnmìlà, tẹ̀lé e ní 1908. James Johnson, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù, kọ ìwé lórí ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Yorùbá ní 1899. Èyí tí ó sì ya ènìyàn lẹ́nu jù ni pé láti ọwọ́ àlùfáà Áńgílíkà kan, M. S. Cole, ni Àlùkùránì kọ́kọ́ ti jáde ní èdè Yorùbá, ní 1906. Ó di àwọn ọdún 1970 kí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn tó tẹ Àlùkùránì Alápọ̀nlé jáde ní èdè wa.

Òtítọ́ ni pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò kọ̀wé láti fi ẹ̀sìn mìíràn ṣe ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn di ọmọlẹ́yìn Kristi, wọn kò sì fi í pamọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ènìyàn kò lè dáhùn ohun tí kò kà rí.

Ibi Tí A Ti Kùnà

Níwọ̀n bí a ti ń kọ ìtàn, kò yẹ kí a kọ kìkì ohun tí ó dùn mọ́ni. Kì í ṣe gbogbo oníwàásù wa ni ó rìn ní ọ̀nà Crowther. Àwọn kan dúró ní ìgbèríko ọjà, wọ́n sì fi ẹ̀sìn àwọn àgbà ṣe ẹlẹ́yà níwájú àwọn ọmọ àgbà náà. Orúkọ tí a fi ń pe àwọn tí kò tíì gbàgbọ́, èyíinì ni kèfèrí, dà bí èébú létí wọn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó bí wa àti baba tí ó san owó ilé ẹ̀kọ́ wa wà nínú àwọn tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ọmọ Mùsùlùmí ni ó ní láti gba orúkọ mìíràn kí ó tó lè kàwé. Ìbẹ̀rù kí ọmọ má bàa ti ilé ìwé sọ ẹ̀sìn baba rẹ̀ nù wà lára ohun tí ó mú àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, tí wọ́n sì kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tiwọn. Àwọn oníwàásù ìhà kejì náà kò ṣàìbú wa. Ṣùgbọ́n ìwé ìrántí tiwa ni èyí. Ẹ̀ṣẹ̀ tiwa ni a ó jẹ́wọ́.

Láti Orí Àpótí Ìwàásù Dé Iyàrá Ẹ̀kọ́

Ìgbà tí a dá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1948 ni ọ̀nà mìíràn ṣí. Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀sìn wà nínú ohun tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ síí kọ́ níbẹ̀. Geoffrey Parrinder, òjíṣẹ́ Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, kọ́ni níbẹ̀ láti 1949. Ó rìn káàkiri mọ́ṣáláṣí, ojúbọ àti ṣọ́ọ̀ṣì Ìbàdàn, ó sì kọ ohun tí ó rí sínú ìwé kan ní 1953. Bọ́lájí Ìdòwú, tí òun náà jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè ní 1962. Ní 1967, àwọn olùkọ́ níbẹ̀ dá ìwé àtìgbàdégbà kan sílẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ tí ó bá a mu jù lọ, Oríta, nítorí pé ibẹ̀ ni Kristẹni, Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti ń pàdé.

Àwọn Ìjọ pẹ̀lú kò sùn. Ní 1959, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí ó wà fún dídá àwọn òjíṣẹ́ àti àwọn ọmọ Ìjọ lẹ́kọ̀ọ́ nípa Ìsìláàmù, kí wọ́n lè jẹ́rìí Kristi láìṣe àbòsí sí aládùúgbò wọn. Orúkọ rẹ̀ nígbà náà ni Ètò Ìsìláàmù ní Áfíríkà. Ní 1987, wọ́n yí i padà sí Ètò fún Ìbáṣepọ̀ Kristẹni àti Mùsùlùmí ní Áfíríkà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ wo orúkọ méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ sọ nípa ẹ̀sìn kan tí a fẹ́ mọ̀. Èkejì sọ nípa àwọn ènìyàn tí a fẹ́ bá gbé.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Ilé Ẹ̀kọ́ Wa

Ní oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọmọ gbogbo ilé sì wọ ilé ìwé. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn Ìjọ. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti wà nílẹ̀ tí a kò tíì dáhùn tán: ilé ẹ̀kọ́ tí Ìjọ kọ́, tí ìjọba ń bọ́, tí ọmọ gbogbo ẹ̀sìn ń lọ, ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn ti ta ni a ó kọ́ níbẹ̀?

Nígbà tí a kò jókòó dáhùn rẹ̀, ilé ẹjọ́ ni ó bá wa dáhùn. Ní ọjọ́ 3 oṣù June, 2016, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lo hìjáàbù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ ẹ̀wù akọrin àti ẹ̀wù ìsìn lọ sí kíláàsì ní Baptist High School, Ìwó. Gbogbo ayé rí àwòrán wọn nínú ìwé ìròyìn. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí ẹ̀rín níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ní àná ni wọ́n ń fi aṣọ bá ara wọn jà. A kò sọ pé ẹ̀tọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ ìhà kan tàbí èkejì. Ohun tí a ń sọ ni pé adájọ́ lè sọ ohun tí ọmọ lè wọ̀, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ọmọ náà ní ìdí tí ẹnìkejì rẹ̀ fi ń wọ̀ ọ́. Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, ariwo ta ní gbogbo orílẹ̀-èdè nítorí ìlànà ẹ̀kọ́ kan tí ó kó ẹ̀kọ́ Kristẹni àti ti Ìsìláàmù pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, títí ìjọba fi tún yà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn Tí Ó Ti Ṣe É Ṣáájú Wa

Ní Àríwá, níbi tí iná ti jó jù, ni a ti rí àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí a wò. Ní ìjà ẹ̀sìn ọdún 1992 ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná, Pásítọ̀ James Wuye pàdánù ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún. Ímáàmù Muhammad Ashafa pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì. Ní 1995, àwọn ọ̀tá méjì wọ̀nyí pàdé, wọ́n sì dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Kàdúná fún ìlàjà láàrin ẹ̀sìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣe àpérò fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n ń jókòó lórí tábìlì kan náà, olúkúlùkù ń sọ ti ẹ̀sìn tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ nínú wọn. Ní September 1999, a dá Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀ṣe Ẹ̀sìn ti Nàìjíríà sílẹ̀ pẹ̀lú ènìyàn 50, Kristẹni 25 àti Mùsùlùmí 25. Ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Kristẹni àti Sultan ti Sókótó ni a yàn láti jọ máa ṣe alága rẹ̀.

Ètò dáradára ni èyí, ṣùgbọ́n ìlú tiwa ní ju ìhà méjì lọ. Ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ kò ní ìjókòó nínú 50 náà. Ní Ọ̀ṣun, níbi tí ìjọba ti ya ọjọ́ 20 oṣù August sọ́tọ̀ fún Ìṣẹ̀ṣe, tí àjọ UNESCO sì ti kọ orúkọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo sílẹ̀ ní 2005 láàrin àwọn ibi iyebíye ayé, kò bójú mu kí a ṣe àpérò ẹ̀sìn kí a sì ti baba àgbà mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ohun Tí A Ń Bẹ̀bẹ̀ Fún

Nítorí náà, bí Ìjọ wa ti ń wọ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ kejì, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́dọọdún fún gbogbo ìlú. Ìtàn tí a ti sọ kọ́ wa bí ó ti yẹ kí ó rí. Èkíní, kí ẹni tí ó ni ẹ̀sìn sọ ti ẹ̀sìn rẹ̀. Kí Kristẹni má ṣe túmọ̀ Àlùkùránì fún Mùsùlùmí, kí Mùsùlùmí má sì ṣe sọ fún wa ohun tí Mẹ́talọ́kan jẹ́. Èkejì, kí ìjókòó mẹ́ta wà níwájú, kì í ṣe méjì. Ẹ̀kẹta, kí ó jẹ́ ní gbọ̀ngàn ìlú, kí a kọ ìbéèrè sínú ìwé fún alága, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ìbínú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ẹ̀kẹrin, kí a kọ́kọ́ pe àwọn olùkọ́, àti àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tí ó wà ní Ìlá, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ̀kọ́ náà yóò gbà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ.

Àwọn kan nínú àwọn àgbà wa ti bi wá pé: ‘Ṣé gbogbo ẹ̀sìn ti wá dọ́gba nìyẹn?’ Ìbéèrè yìí tọ́, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Rárá o, a kò sọ bẹ́ẹ̀. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì rìn yí ìlú Áténì ká, ó wo pẹpẹ wọn, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ó tó ya ẹnu rẹ̀ láti wàásù. Crowther kò sọ Kristi nù níwájú Ẹ́míà. Níbẹ̀ gan-an ni ó ti jẹ́rìí rẹ̀. Ìgbàgbọ́ tí kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ aládùúgbò láìwárìrì, ìgbàgbọ́ tí ó ń ṣàìsàn ni.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún àwọn tí ó gbin Ìjọ yìí, àti fún àwọn Mùsùlùmí àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, àwọn ẹbí wa, tí kò kọ̀ láti bá wa yọ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayọ̀ wa. Kí Ọlọ́run fún wa ní etí tí ń gbọ́ ṣáájú ẹnu tí ń sọ. Kí àwọn ọmọ tí yóò ka ìwé yìí nígbà tí Ìjọ bá pé igba ọdún má ṣe rí wa gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó mọ ohun tí ó tọ́, tí wọn kò sì ṣe é. Àmín.